Ètò Ìrìn-àjò Sàfárì Àkọ́kọ́ sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Inú èdè Swahili ni ọ̀rọ̀ náà sàfárì ti wá, ìrìn-àjò lásán ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀, yálà ẹni tó ń lọ fẹ́ wo ẹranko ni o, tàbí ó fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn Swahili náà ti yá a. Lóde òní, ohun tó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá gbọ́ ọ ni ọkọ̀ tó ń rọra rìn nínú pápá gbalasa, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ń wo kìnnìún tó nà gbalaja sábẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí igi yẹn, ó ti ní láti yan àsìkò, kí ó yan ibi tí yóò lọ, kí ó ka iye ọjọ́, kí ó san owó ìwọlé, kí ó gba abẹ́rẹ́, kí ó sì di ẹrù tí ọkọ̀ òfurufú kékeré lè gbé. Ìdí àwọn ètò wọ̀nyí ni ìrìn-àjò náà ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́, láti bí oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kí ọjọ́ ìgbéra tó pé.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ fi sọ́kàn ju ohun mìíràn lọ: kí ó dín iye ibi tí yóò dé kù, kí ó sì fi kún iye ọjọ́ tí yóò lò ní ibì kọ̀ọ̀kan. Ẹranko kì í bá ènìyàn dá ìgbà. Ẹni tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta lójú kan yóò rí ohun tí ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta náà sáré dé ibi mẹ́ta kò ní rí, nítorí pé ojú ọ̀nà ni ẹni kejì yóò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀, eruku ni yóò sì máa wò.

Ohun tí ẹ fẹ́ rí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Orúkọ orílẹ̀-èdè ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀: wọn á ní Kẹ́nyà ni àwọn ń lọ, tàbí Gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn náà ni wọn á wá máa wá ohun tí wọ́n máa wò níbẹ̀. Ó sàn kí ẹ yí i padà. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó jẹ́ pé bí ẹ bá rí i, ẹ ó gbà pé owó yín kò ṣòfò. Ìdáhùn yín ni yóò yan orílẹ̀-èdè fún yín.

Bó bá jẹ́ ìnàkí orí òkè ni, orílẹ̀-èdè mẹ́ta péré ni wọ́n ti ń gbé inú igbó ní gbogbo ayé: Ùgándà, Rùwándà àti Kóńgò tí olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Kinshasa. Igbó Bwindi ní Ùgándà àti ọgbà Volcanoes ní Rùwándà ni àlejò ń lọ jù. Ènìyàn mẹ́jọ péré ni wọ́n ń jẹ́ kí ó lọ sọ́dọ̀ agbo ìnàkí kan lójúmọ́, wákàtí kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 15 kò lè bá wọn lọ. Nítorí pé àyè kò pọ̀, ìwé àṣẹ ìbẹ̀wò náà ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi gun òkè náà nínú ẹrẹ̀ àti igbó dídí, ìrìn náà sì lè má ju wákàtí kan lọ tàbí kí ó gba ọ̀pọ̀ wákàtí, nítorí ibi tí àwọn ìnàkí bá sùn mọ́jú ni ẹ ó lọ bá wọn.

Bó bá jẹ́ ogunlọ́gọ̀ ẹranko tó ń ṣí kiri ni ẹ fẹ́ rí, ilẹ̀ kan ṣoṣo tó pín sí orílẹ̀-èdè méjì ni ẹ ó lọ: Serengeti ní Tànsáníà àti Maasai Mara ní Kẹ́nyà. Níbẹ̀ ni wildebeest, ẹranko onírùngbọ̀n tó fi díẹ̀ jọ màlúù, tí àwọn Swahili ń pè ní nyumbu, ti ń yípo láti ọdún dé ọdún láti wá koríko tútù. Wọ́n tó bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti ẹtu sì ń bá wọn rìn. Ẹni tó bá fẹ́ràn erin lè lọ sí Chobe ní Bòtswánà, tàbí sí Amboseli ní Kẹ́nyà, níbi tí òkè Kilimanjaro, tó wà ní ilẹ̀ Tànsáníà, ti máa ń yọ lẹ́yìn agbo erin bí òfurufú bá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn omi, Okavango ni kí ó lọ, odò tí kò dé òkun rárá, tó jẹ́ pé inú aṣálẹ̀ Bòtswánà ló ti ń fọ́n ká tó sì ń gbẹ. Inú ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń pè ní mokoro ni àlejò ń jókòó sí níbẹ̀. South Luangwa ní Sámbíà ló lókìkí fún sàfárì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn, ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò rí erin rí láti inú ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa darí òun, ọgbà Kruger ní Gúúsù Áfíríkà àti Etosha ní Nàmíbíà ló rọrùn jù fún un, nítorí ọ̀nà wọn dára, ibùsùn àti ilé epo sì wà nínú wọn.

Ẹ ó máa gbọ́ nípa àwọn ẹranko ńlá márùn-ún, ìyẹn kìnnìún, ẹkùn, erin, ẹfọ̀n àti àgbáǹréré. Àwọn ọdẹ ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, nítorí pé àwọn ni ó ṣòro, tó sì léwu jù láti fi ẹsẹ̀ lé pa. Orúkọ náà kò sọ ohunkóhun nípa ẹwà. Àgùnfọn kò sí nínú rẹ̀, ṣíítà tó ń sáré ju gbogbo ẹranko orí ilẹ̀ lọ kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi márùn-ún yìí ṣe ìwọ̀n àṣeyọrí rẹ̀ yóò sọ amọ̀nà rẹ̀ di awakọ̀ tó ń lé nọ́ńbà. Àgbáǹréré ló máa ń yẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ jù, nítorí pé àwọn apẹran láìgbàṣẹ ti dín iye rẹ̀ kù gidigidi nítorí ìwo rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i, tí ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ má ṣe fi orúkọ ibi tí ẹ ti rí i síta lórí ìkànnì, kí ẹ sì pa ohun tó ń kọ ibùdó sára àwòrán nínú fóònù yín, nítorí pé àwọn tó ń wá ìwo náà ń wo ìkànnì bíi ti yín.

Àsìkò

Ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn gígùn. Òjò ńlá ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, òjò kékeré sì ń rọ̀ ní oṣù kọkànlá àti oṣù kejìlá. Ní gúúsù, láti Sámbíà lọ dé Kruger, oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni ẹ̀ẹ̀rùn. Àǹfààní ẹ̀ẹ̀rùn kò fara sin: koríko á kúrú, ewé á já, àwọn kòtò omi inú igbó á gbẹ, gbogbo ẹranko á sì fi odò àti adágún tó kù ṣe ibi ìpàdé. Ẹni tó bá dúró sí etí omi kò ní láti wá wọn kiri.

Síbẹ̀, ẹ má ka àsìkò òjò sí àsìkò òfò. Owó ibùsùn ń wálẹ̀, ọkọ̀ kì í pọ̀, ilẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù á sì ti dé láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹrin. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ẹrẹ̀ oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ní Ìlà-Oòrùn, nígbà tí ọkọ̀ ń rì, tí àwọn àgọ́ kan sì ń ti ilẹ̀kùn pa.

Okavango ni kò tẹ̀ lé ìlànà yìí, èyí sì máa ń ya àwọn àlejò lẹ́nu. Orí òkè ilẹ̀ Àǹgólà ni òjò tó ń bọ́ ọ ti ń rọ̀, omi náà sì ń lo ọ̀pọ̀ oṣù lójú ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, nígbà tí ìkán òjò kan kò sí ní Bòtswánà, ni omi náà ń kún jù. Ẹni tó bá lọ ní àsìkò òjò Bòtswánà nítorí pé ó fẹ́ rí omi lè bá ilẹ̀ gbígbẹ níbi tí ó rò pé òun yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ní ti wildebeest, ìbéèrè kì í ṣe bóyá wọ́n wà tàbí wọn kò sí, nítorí inú agbègbè náà ni wọ́n wà ní gbogbo ọdún. Apá ibi tí wọ́n wà ní oṣù tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ bèèrè. Láti ìparí oṣù kìíní títí di oṣù kẹta, wọ́n máa ń wà ní gúúsù Serengeti, nítòsí Ndutu, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí kìnnìún àti ìkokò sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Bí òjò ńlá bá ń dáwọ́ dúró, wọ́n á máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, àti pé láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá ni wọ́n ń la odò Mara kọjá láàárín àwọn ọ̀nì. Àwòrán líla odò yẹn ni gbogbo ayé mọ̀, òun náà ló sì ń kó ọkọ̀ púpọ̀ jọ sí etí odò. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí rẹ̀ fún yín: agbo náà lè dúró létí omi láti àárọ̀ di ọ̀sán, kí wọ́n sì yíjú padà. Ní tèmi, oṣù kejì ní Ndutu ni n bá yàn fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́, nítorí pé ilẹ̀ tẹ́jú, ojú ń ríran jìnnà, àwọn ẹranko kì í sì í tètè kúrò lójú kan.

Iye ọjọ́ àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó

Alẹ́ méje sí mẹ́wàá tó fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ibi tí ẹ ó sùn sí láti wo ẹranko, yàtọ̀ sí alẹ́ ìsinmi ní ìlú, má sì ju mẹ́ta lọ. Alẹ́ méjì ni ó kéré jù ní ibì kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ló sì dára. Alẹ́ kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ẹ dé lọ́sàn-án, ẹ jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ sùn, ẹ sì ń di ẹrù padà.

Àwòrán ilẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Láti Nairobi dé Maasai Mara dà bí ìrìn kékeré lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà lójú títì, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń gbéra láti pápákọ̀ Wilson ń dé ibẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Mara àti Serengeti fẹnu kan ara wọn, àwọn ẹranko ń kọjá láìfi ìwé ìrìnnà han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹnubodè tí a ṣí fún àlejò láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ rí méjèèjì ní láti yí gba ẹnubodè Isebania, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ọjọ́ kan á sì ti lọ sí i. Bí ọjọ́ yín kò bá ju mẹ́jọ lọ, ẹ mú ọ̀kan. Ní Kruger, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 20,000 kìlómítà níbùú lóròó, eré tí òfin gbà kò ju 50 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀dà àti 40 lórí yẹ̀pẹ̀, wọ́n sì ń ti ẹnubodè ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, àgọ́ méjì tí 100 kìlómítà wà láàárín wọn ti tó iṣẹ́ ọjọ́ kan, bí ẹ bá ń dúró wo ohun tí ẹ wá wò.

Àpẹẹrẹ ètò kan tí mo fọwọ́ sí ní Tànsáníà nìyí: alẹ́ kan ní Arusha láti sinmi, méjì ní Tarangire níbi tí erin àti igi oṣè pọ̀ sí, ọ̀kan nítòsí Ngorongoro, mẹ́ta ní Serengeti, lẹ́yìn náà kí ẹ bá ọkọ̀ òfurufú kékeré padà sí Arusha dípò kí ẹ tún fi odindi ọjọ́ kan wa ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà tí ẹ ti rí. Kòtò òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni Ngorongoro, ó jìn tó nǹkan bí 600 mítà, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bí 260 kìlómítà níbùú lóròó. Ọjọ́ kan tó o, ìdí nìyẹn tí mo fi yọ ibẹ̀ nìkan kúrò nínú ìlànà alẹ́ méjì. Owó ìsọ̀kalẹ̀ ọkọ̀ síbẹ̀ wọ́n, kò sì sí ìdí láti san án lẹ́ẹ̀mejì.

Owó

Ohun tó ń gba owó nínú sàfárì ni owó ìwọlé sí ọgbà, ọkọ̀ àti epo rẹ̀, amọ̀nà, ibùsùn àti oúnjẹ. Lára wọn, owó ìwọlé nìkan ni ẹnikẹ́ni kò lè dín kù, nítorí ìjọba tàbí àwọn aláṣẹ ọgbà ló ń dá a. Láti ọdún 2024, àgbàlagbà tó bá wá láti òkèèrè ń san 100 dọ́là lóòjọ́ ní Maasai Mara láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, àti 200 dọ́là láàárín oṣù keje sí oṣù kejìlá. Ìwé àṣẹ láti bẹ ìnàkí wò jẹ́ 1,500 dọ́là ní Rùwándà láti ọdún 2017, ó sì jẹ́ 800 dọ́là ní Ùgándà láti ọdún 2024. Irú owó báyìí máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wò ó lójú ìkànnì àwọn aláṣẹ ọgbà fúnra wọn kí ẹ tó ṣírò. Ìwúlò mímọ̀ ọ́n ni pé bí iléeṣẹ́ kan bá dá iye tó kéré jọjọ sí ti àwọn yòókù, ẹ ó lè yọ owó ìwọlé kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí i bóyá ohun tó kù tó ra epo àti oúnjẹ. Bí kò bá tó, ohun kan wà tí wọn kò tíì sọ.

Ọ̀nà wà láti ṣẹ́ owó kù láìba ìrìn-àjò jẹ́. Ẹ lè bá àwọn mìíràn pín ọkọ̀, ẹ lè lọ ní oṣù kọkànlá nígbà tí owó ibùsùn wálẹ̀, ẹ sì lè wa ọkọ̀ fúnra yín ní Kruger tàbí Etosha. Ọ̀nà kan tí n kò fẹ́ràn ni sísùn sí ìta ọgbà níbi tó jìn sí ẹnubodè, nítorí pé wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá mọ́ ni kìnnìún àti ẹkùn ṣì ń rìn, ẹni tó bá sì wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn yóò dé bá wọn lójú oorun.

Ẹ bèèrè ní kíkọ ohun tí kò sí nínú iye tí wọ́n dá fún yín. Ó sábà máa ń jẹ́ físà, ìbánigbófò, ohun mímu, àti owó ìdúpẹ́. Fún amọ̀nà, 10 sí 20 dọ́là lójúmọ́ láti ọwọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan ló wọ́pọ̀, ọjọ́ ìkẹyìn ni wọ́n sì ń fún un. Ẹ mú owó dọ́là tuntun, nítorí wọ́n máa ń kọ èyí tó ti gbó, tó ya, tàbí tí ọjọ́ ìtẹ̀jáde rẹ̀ ti pẹ́.

Yíyan iléeṣẹ́ tí yóò mú yín lọ

Àwọn iléeṣẹ́ arìnrìn-àjò ní ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: KATO ní Kẹ́nyà, TATO ní Tànsáníà, AUTO ní Ùgándà, SATSA ní gúúsù. Ẹ wá orúkọ iléeṣẹ́ náà nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ tí iléeṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ojú ìkànnì tirẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹnikẹ́ni lè ya á sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tó ṣe gúnmọ́. Ènìyàn mélòó ni yóò wà nínú ọkọ̀, ṣé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé? Ṣé ọkọ̀ náà jẹ́ tiwa ní gbogbo ọjọ́, tàbí iye kìlómítà kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ kọjá? Kí ni orúkọ àgọ́ gan-an, ṣé inú ọgbà ló wà ni tàbí ìta? Àwọn ọ̀rọ̀ bíi “àgọ́ tó dára” kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ tí a kò lè lọ mọ́, èló ni ẹ ó dá padà, títí di ọjọ́ wo sì ni? Iléeṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dáhùn àwọn wọ̀nyí láìbínú.

Ẹ wádìí pẹ̀lú bóyá ọgbà ìjọba ni ẹ ń lọ tàbí ilẹ̀ ìtọ́jú ẹranko tí àwọn onílẹ̀ fi rẹ́ǹtì, irú àwọn tó yí Maasai Mara ká. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú ilẹ̀ ìtọ́jú aládàáni, wọ́n sábà máa ń gba ìjáde òru àti ìrìn ẹsẹ̀ láàyè, iye ọkọ̀ tó lè yí ẹranko kan ká sì níwọ̀n. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n bí agbára bá gbé e, alẹ́ méjì níbẹ̀ tó ohun tí à ń fi owó ṣe.

Ibi tí wọ́n bá ti ń jẹ́ kí àlejò gbé ọmọ kìnnìún mọ́ra yàwòrán, ẹ sá fún un. Ní Gúúsù Áfíríkà, irú òwò bẹ́ẹ̀ ti so pọ̀ mọ́ bíbí kìnnìún sínú ọgbà fún àwọn ọdẹ tó ń sanwó, kò sì sí ọmọ kìnnìún inú igbó kankan tí ìyá rẹ̀ ń fi lé àlejò lọ́wọ́.

Ìwé àti ìlera

Ìwé ìrìnnà yín gbọ́dọ̀ ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí ó tó parí, àti ojú ìwé méjì tó ṣófo. Kẹ́nyà ti fi ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò físà láti oṣù kìíní ọdún 2024, kí ẹni tó bá kàn tó gbéra ló sì gbọ́dọ̀ ti gbà á, ṣùgbọ́n láti ọdún 2025, ọ̀pọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò nílò rẹ̀ mọ́. Físà arìnrìn-àjò kan wà tó kárí Kẹ́nyà, Ùgándà àti Rùwándà fún 90 ọjọ́ ní 100 dọ́là. Tànsáníà kò sí nínú rẹ̀. Ojú ìkànnì ìjọba ni kí ẹ ti kọ orúkọ, nítorí àwọn ojú ìkànnì kan wà tó jọ ọ́ pátápátá, tó jẹ́ pé owó orí owó ni wọ́n ń gbà.

Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú òfin àwọn ẹnubodè títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un, ṣùgbọ́n láti ọdún 2016, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ti di èyí tí kì í parí títí ayé. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ibi tí àìsàn náà wà dé, nígbà mìíràn kódà bó bá jẹ́ pé ó kàn yà sí pápákọ̀ òfurufú níbẹ̀ fún ju wákàtí 12 lọ ni, nítorí náà ẹ wo ibi tí ọkọ̀ òfurufú yín yóò ti yà.

Ní ti ibà ẹ̀fọn, oògùn ìdènà rẹ̀ kò rí bákan náà. Atovaquone àti proguanil ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, wọ́n sì ń lò ó fún ọjọ́ méje lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Doxycycline kò wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ ó fi lò ó lẹ́yìn ìpadàbọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara. Dókítà ni yóò yan èyí tó bá ara yín mu. Fún aláboyún tàbí àwọn tó ní ọmọ kékeré, Madikwe, Pilanesberg àti Addo ní Gúúsù Áfíríkà jẹ́ ibi tí ẹranko ńlá wà tí ibà ẹ̀fọn kò sí. Ẹ ra ìbánigbófò tó kárí kí ọkọ̀ òfurufú wá gbé aláìsàn láti inú igbó, kí ẹ sì ka ìlà tó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra yín, nítorí pé ilé ìwòsàn ńlá lè wà ní odindi ọjọ́ kan sí àgọ́ yín.

Ẹrù

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú kékeré inú igbó kì í gbà ju 15 kìlógíráàmù lọ fún ẹnì kan, pẹ̀lú báàgì ọwọ́, báàgì rírọ̀ tí kò ní táyà ni wọ́n sì fẹ́, nítorí inú ihò kékeré lábẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń tì í sí. Aṣọ mẹ́ta sí mẹ́rin tó, àwọn àgọ́ sì sábà máa ń fọṣọ. Ẹ yan àwọ̀ ilẹ̀ àti ewé gbígbẹ. Àwọ̀ búlúù àti dúdú ló ń fa eṣinṣin tsetse, ẹni tó bá sì ti jẹ rí kò ní gbàgbé rẹ̀. Kódà aṣọ búlúù àti dúdú ni wọ́n fi ń ṣe pańpẹ́ tí wọ́n ń dẹ fún un. Ẹ má ṣe mú aṣọ aláwọ̀ ológun, nítorí òfin Sámbíà, Sìmbábúè, Ùgándà àti àwọn mìíràn kò gbà á fún ará ìlú. Ọ̀rá ìkóǹkansí pẹ̀lú jẹ́ èèwọ̀ ní Rùwándà láti ọdún 2008, ní Kẹ́nyà láti 2017 àti ní Tànsáníà láti 2019. Ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò kí ẹ tó gbéra. Dúróònù, ẹ fi sílẹ̀ sílé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni aṣọ òtútù. Etí kòtò Ngorongoro ga ju 2,200 mítà lọ, òwúrọ̀ oṣù keje ní Kruger nínú ọkọ̀ tí kò ní ògiri sì lè mú kí eyín máa gbá eyín. Ẹ wọ aṣọ lé aṣọ, kí ẹ lè máa bọ́ ọ bí oòrùn bá ṣe ń mú. Ohun kejì ni awò awọ̀nà-jíjìn. Ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, kì í ṣe ọ̀kan fún ìdílé, nítorí pé ìgbà tí ó bá kan ẹni kẹta, ẹkùn á ti sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Èyí tí wọ́n kọ 8×42 sí lára ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Bó bá jẹ́ pé owó kò ká awò àti kámẹ́rà ńlá pọ̀, ẹ ra awò.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀hún

Ẹ má ṣe fi ìbàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ńlá àti ìgbéra ọkọ̀ kékeré sí ọjọ́ kan náà. Ẹ sun alẹ́ kan ní ìlú. Nínú ọkọ̀, ẹ má dìde dúró lójijì, ẹ má na ọwọ́ síta, ẹ má pariwo. Ẹranko rí ọkọ̀ bí ohun kan ṣoṣo tí kò ṣe é jẹ, ènìyàn tó yọ jáde lára rẹ̀ ni ó ń dà á láàmú. Ọ̀pọ̀ àgọ́ kò ní ọgbà yí ká, erinmi àti ìkokò sì ń kọjá láàárín wọn lóru, nítorí náà ẹ má ṣe jáde kúrò nínú àgọ́ yín bí ilẹ̀ bá ti ṣú láìjẹ́ pé ẹ pe ẹ̀ṣọ́.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ bá amọ̀nà yín jókòó kí ẹ tó lọ sùn. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà gbà pé ohun tí àlejò ń fẹ́ ni ẹranko ńlá márùn-ún ní kíákíá, wọn á sì máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti sáré lọ síbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò kánjú. Ẹ ní kí ó wá etí omi kan fún yín lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, kí ẹ sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko láìlọ síbì kankan.